Ewu Inú Ìkòkò Wa: Èyí Tó Tóbi àti Èyí Tí Ariwo Rẹ̀ Pọ̀

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń gbé ní Ìjùmú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn ìkórè, tí a ti kí ara wa ní "Òkun o" tán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n gbé síwájú mi funfun báláú. Kò sí epo pupa nínú rẹ̀ rárá, kò sì sí ẹran. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé epo wọ́n lọ́jà ni?" Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi. Wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù pé epo pupa ló ń dí iṣan ọkàn, pé ẹran sì ń fa jẹjẹrẹ bíi sìgá. Mo ti pa méjèèjì tì."

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi òkèlè kan ọbẹ̀ náà, iyọ̀ ń ta mí lẹ́nu. Màgí ni wọ́n fi dí ipò epo àti ẹran. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n bu ẹ̀pà fún mi láti inú àpò kan tó jókòó sórí símẹ́ńtì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ ti yí padà. Àwọn kan nínú rẹ̀ ti hunjọ, àwọn kan sì ní nǹkan bí eruku aláwọ̀ ewé lára.

Ó dùn mí gan-an. Ìyá tó ń ṣọ́ra ni wọ́n, tó ń fi adùn ẹnu rẹ̀ dù ara rẹ̀ torí kí ó lè pẹ́ láyé, síbẹ̀ ewu kékeré ni wọ́n ń sá fún, tí wọ́n sì ń sá lọ bá èyí tó tóbi. Nọ́ọ̀sì ni mí, irú nǹkan báyìí ni mo sì ń bá pàdé ní Kábà lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ "bíi sìgá" yẹn, torí òun ló da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kó onímọ̀ 22 láti orílẹ̀-èdè 10 jọ sí ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé. Wọ́n fi sọ́séèjì, ẹran inú agolo àti àwọn ẹran mìíràn tí ilé iṣẹ́ fi iyọ̀ àti kẹ́míkà pa mọ́ sí ìpele kìn-ín-ní. Ẹran pupa, ìyẹn màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fi sí ìpele tó tẹ̀ lé e, 2A. Sìgá ti wà ní ìpele kìn-ín-ní tipẹ́. Ọtí náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1988. Bí àwọn oníròyìn ṣe rí ẹran agolo àti sìgá nínú yàrá kan náà, wọ́n ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìpele yẹn kò sọ bí nǹkan ṣe burú tó. Bí ẹ̀rí ṣe dá àwọn onímọ̀ lójú tó ni ó ń sọ. Ó dá gbogbo wa lójú pé ìjàlọ ń géni jẹ. Ó dá wa lójú pé paramọ́lẹ̀ ń buni jẹ. Ìdánilójú méjèèjì dọ́gba. Oró wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá ti mú ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́, ìdajì ohun tó ń kà nípa oúnjẹ àti àìsàn kò ní dẹ́rù bà á mọ́.

Wọ́n tún gbé òǹkà kan jáde nígbà náà: ẹni tó bá ń jẹ gíráàmù 50 ẹran ilé iṣẹ́ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá rẹ̀ fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ọ bí ẹni pé nínú ọgọ́rùn-ún tó ń jẹ ẹ́, jẹjẹrẹ yóò mú 18. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí 4 ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń mú kí wọ́n tó kúrò láyé. Ẹ pín 4 yẹn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ mú 18 nínú rẹ̀: kò tó ẹyọ kan. Nítorí náà, tí gbogbo ọgọ́rùn-ún wọn bá ń jẹ ẹran náà lójoojúmọ́, 4 yóò fẹ́ẹ̀ di 5. Ewu ni, n kò sọ pé kì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu sìgá ní Amẹ́ríkà kan náà, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 15 sí 30 ti ẹni tí kò mu ún. Paramọ́lẹ̀ nìyẹn. Ìyá tó ń jẹ ekìrí ẹran màlúù méjì lọ́jọ́ Ìsinmi kò sí nínú ìjà yìí rárá. Ẹni tó ń jẹ sùyà tó ti jóná dúdú ní alaalẹ́ ni kí ó dín in kù, kí ó sì máa ha ibi tó jóná kúrò, torí èéfín àti iná tó ń jó ọ̀rá ẹran ń dá kẹ́míkà tí kò dára fún ìfun sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí iyọ̀. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa èèyàn jù lágbàáyé, ju jẹjẹrẹ lọ. Ní ọdún 2019 nìkan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka mílíọ̀nù 17.9 tó bá a lọ.

Èmi àti màmá jókòó, a ṣírò ìkòkò wọn. Ọbẹ̀ tí èèyàn mẹ́fà yóò jẹ, màgí mẹ́fà ló wọ inú rẹ̀. (Màgí ni a ń pe gbogbo amọ́bẹ̀dùn onígun nílé wa, ilé iṣẹ́ yòówù tí ì báà ṣe é.) Ẹyọ kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 4, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ iyọ̀. Mẹ́fà jẹ́ gíráàmù iyọ̀ 12. Wọ́n tún wá bu iyọ̀ gan-an sí i, ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, méjì: gíráàmù 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22. Ẹ pín in fún èèyàn mẹ́fà, gíráàmù mẹ́ta àbọ̀ ó lé díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú oúnjẹ kan ṣoṣo. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá láti àárọ̀ di alẹ́ kò tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kékeré kan péré. Ẹ ò sì tíì ka búrẹ́dì àárọ̀, ẹ ò tíì ka ìndómì àwọn ọmọ. Màmá wo ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mò ń ṣe gbogbo èyí?"

Bí iyọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ibi nìyí. Tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara á mú omi dání kí ó lè bomi là á. Omi á pọ̀ nínú iṣan, ìtì tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ á le sí i. Ọjọ́ kan kọ́, ọdún kan kọ́. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ògiri iṣan á máa le, ẹran ọkàn á máa nípọn bí apá ẹni tó ń gún iyán lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n apá tó nípọn lè ṣiṣẹ́. Ọkàn tó nípọn kì í lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú rẹ̀. Tí iṣan kan bá bẹ́ tàbí tó dí nínú ọpọlọ, òun ni rọpárọsẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ohun tó ń dun ẹni náà. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru kò fi ṣeé fi ara mọ̀, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ń dẹ ìdè iyọ̀ lára ni èròjà oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù, oko wa sì kún fún un: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọsàn. Ní ọdún 1997, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní DASH. Èèyàn 459 ló kópa níbẹ̀, ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tó kún fún ewébẹ̀, èso àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò tilẹ̀ dín iyọ̀ wọn kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òǹkà ti òkè tí ẹ̀rọ ń kà fi nǹkan bí 11 wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àtẹ̀yìnwá. Ohun tí àwọn oògùn kan ń ṣe nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí èyí dá a dúró, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro sì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kí ó tó fi pọtásíọ̀mù kún oúnjẹ rẹ̀.

Mo bẹ màmá pé kí wọ́n padà sídìí irú, irú ilé tí wọn kò fi iyọ̀ sí. Kí wọ́n fi ata, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ ṣe adùn, kí màgí mẹ́fà di méjì lọ́sẹ̀ yìí, kí ó di ọ̀kan nígbà tó bá yá. Ahọ́n ń kọ́ nǹkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ ni yóò máa dùn ún.

Epo pupa ńkọ́? Ẹni tó ní kò léwu rárá parọ́, ẹni tó ní májèlé ni pẹ̀lú parọ́. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tó ń dì, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹran; ìdí nìyí tó fi máa ń dì nínú kẹ̀ǹgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Nínú òróró ẹ̀pà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni. Irú ọ̀rá yìí ń mú kí ẹ̀dọ̀ dẹwọ́ nínú iṣẹ́ kíkó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní LDL, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù á máa wọ inú ògiri iṣan ọkàn lọ, á máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀ inú páìpù. Ọjọ́ tí ẹrẹ̀ náà bá la, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, iṣan á dí, ọkàn á dákú.

Ìwọ̀n ló ni ọ̀rọ̀. Ṣíbí epo pupa kan tàbí méjì nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ìdílé kò jọ epo tó léfòó sórí ọbẹ̀ bí omi odò. Àwọ̀ pupa rẹ̀ gan-an ni ara fi ń ṣe fítámì A, tí ojú àwọn ọmọ wa nílò. Ẹni tó bá wá yọ́ epo náà títí tó fi funfun, tí èéfín gba ilé kan, ohun tó dára ti jó dànù, ọ̀rá tó ń dì yẹn sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Mo rí i pé ayẹyẹ ló ń mú wa ṣe é jù. Ẹ tún ṣọ́ra fún òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà láti ìjẹta, àti bọ́tà líle olówó pọ́ọ́kú: nínú irú wọn ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní trans lè wà, òun ló burú jù fún ọkàn nínú gbogbo ọ̀rá. Ìjọba ti ní kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Tí ẹ bá sì rí ìgò òróró tí wọ́n kọ "kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù" sí lára, kí ìyẹn má mú yín san owó lé e. Kò sí òróró kan tó ti ara igi tàbí ewéko wá tó ní in.

Apá kan wà tí àwọn àgbà wa ti jẹ́ ọ̀gá fún ayé, a sì ń jù ú nù. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, ni ó kígbe rẹ̀ sókè ní àwọn ọdún 1970: jẹjẹrẹ ìfun tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ àwọn òyìnbó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará abúlé Áfíríkà, ó sì fura sí èèrí oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń pè ní fáíbà. Ìyẹn ni apá ẹ̀wà, ọkà bàbà, ẹ̀fọ́ àti èso tí ikùn wa kò lè lọ̀. Kòkòrò tó ń gbé inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi ṣe èròjà tí awọ ìfun fi ń jẹun. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ṣe ohun kan tó wú mi lórí. Wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 20 àti ará ìgbèríko South Africa 20, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ ẹ̀wà àti àgbàdo bí ará oko. Àwọn ará oko jẹ ẹran àti ọ̀rá bí ará Amẹ́ríkà. Èròjà tó ń bọ́ awọ ìfun pọ̀ sí i lọ́nà méjì ààbọ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì já sí ìdajì lára àwọn ará oko. Àwọn àmì wíwú inú ìfun yí bákan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì!

Nítorí náà, iyán kọ́ ni ọ̀tá. Iyán tó ga bí òkè, tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò kún ìkúùkù, lẹ́yìn èyí kí á jókòó sórí ọ̀kadà lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé, òun ni mo ń bá jà. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè láti òwúrọ̀ lè jẹ ẹ́ kí ó má sanra. Èmi tí mo jókòó sí ọ́fíìsì kò lè jẹ bíi tirẹ̀, sísanra jù sì ń pe ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹjẹrẹ tó tó oríṣi 13.

Ọtí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ì báà jẹ́ ẹmu, bíà tàbí ògógóró, oríṣi jẹjẹrẹ méje ó kéré tán ló ń fà, ti ọmú obìnrin wà lára wọn. Bó bá ṣe dín kù tó ló ṣe dára tó.

Àwọn kan ń sọ fún aláìsàn jẹjẹrẹ pé kí ó má jẹ ohun tó ní ṣúgà mọ́ torí ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ. Gbogbo ẹran ara wa ló ń jẹ ṣúgà, ti ọpọlọ pàápàá. Ebi kò pa jẹjẹrẹ rí. Aláìsàn ló ń pa, ó ń sọ ọ́ di ẹni tí kò lágbára láti gba ìtọ́jú. Oògùn oníkóró tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ náà ńkọ́, tí wọ́n ní ó kún fún fítámì tó ń lé jẹjẹrẹ? Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní kóró beta-carotene, èròjà tó ń mú kárọ́ọ̀tì pupa, pẹ̀lú ìrètí pé yóò dáàbò bò wọ́n. Àwọn tó kópa lé ní 29,000. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó gbé kóró náà mì. Kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí lọ́kàn. Tí jẹjẹrẹ bá mú obìnrin kan láàárín wa, kíá ni wọ́n á máa bi í, "Kí lo jẹ?" Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kòkòrò HPV ló ń fà á, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kẹwàá 2023 fún àwọn ọmọbìnrin. Ti kókó ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate, ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ìdílé lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju abọ́ lọ. Oúnjẹ ń dín ewu kù tàbí kí ó fi kún un, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣẹ̀. Ẹ má ṣe bi aláìsàn ní ìbéèrè yẹn.

Mo fi ẹ̀pà màmá gbẹ̀yìn torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ nípa rẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó bu sára ẹ̀pà, àgbàdo tàbí èlùbọ́ tí kò gbẹ dénú lè jẹ́ olú wẹ́wẹ́ kan tó ń ṣe májèlé aflatoxin. Ìpele kìn-ín-ní ni IARC fi í sí, paramọ́lẹ̀ gidi sì ni: ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Tí kòkòrò hepatitis B bá tún wà lára ẹni náà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà lára ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà láìmọ̀, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ á di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Tó bá pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dúró de jẹjẹrẹ. Ní Kenya, ní 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125.

Sísè kì í pa á, yíyan tàbí dídín kì í mú un tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà díẹ̀ nínú àpò ló sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà dání, nítorí náà ṣíṣà ń ṣiṣẹ́ gidi. A da ẹ̀pà náà sórí àtẹ níta, níbi tí oòrùn wà. Èyí tó hunjọ, èyí tó yí àwọ̀, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó korò lẹ́nu, a yọ gbogbo rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n sá ti ọdún tó ń bọ̀ títí tí yóò fi máa dún ṣaka nínú èèpo, kí wọ́n to pákó sílẹ̀ kí àpò má fara kan símẹ́ńtì, torí símẹ́ńtì ń fa omi láti inú ilẹ̀. Fún àwọn tó ní oko ńlá, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí wọ́n ń fọ́n sí oko kí irúgbìn tó yọ òdòdó. Olú wẹ́wẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní májèlé, òun ló ń gba ilẹ̀ mọ́ aburú lọ́wọ́.

Nígbà tí a ṣà á tán, èyí tí a yọ kún abọ́ kan. Màmá gbé e, wọ́n ń lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Màmá, ibo lẹ̀ ń gbé e lọ?" Wọ́n ní adìẹ ni wọ́n fẹ́ dà á fún, kó má baà ṣòfò. Mo sọ fún wọn bí ayé ṣe mọ májèlé yìí. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá a dé ìdí, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, tó ti Brazil wá, ni wọ́n bá nídìí rẹ̀.

Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo àwọn adìẹ tó ti ń sáré bọ̀. Wọ́n gbé abọ́ náà fún mi, wọ́n sì lọ mú ọkọ́.